Yàrá Yín Ti Wà Nílẹ̀

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí a máa ń fi kọ́ọ̀tù kọ́ sí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ fi ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀ ní Japan, tí ẹ sì dá nìkan padà wálé?"

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ló pe àwọn kan lórí fóònù. Ó ní ẹ bínú sí òun ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ kọ́ọ̀tù mi, mo sì wa mọ́tò mi lọ sílé. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé màá kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn tó mọ àwa méjèèjì pọ̀ ní agbègbè yìí, ohun tí wọ́n sì gbọ́, apá kan ni. Ẹni tó sọ apá náà fún wọn mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ níbi tó bá wu òun. Èmi yóò sọ ìyókù.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ lọ sí iléèwé girama àwọn obìnrin ní Ìbàdàn. Mo di olùkọ́ jọ́gíráfì. Òun ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Maryland, níbi tó ti di alábòójútó àwọn tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi náà dé, òun ló wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú, òun ló fi hàn mí ibi tí wọ́n ti ń ra iṣu. Tíṣà ló ń pè mí. Èmi ń pè é ní Ọ̀rẹ́, láìfi nǹkan kan kún un, bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé.

Ọkọ rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tèmi náà kú. Lọ́jọ́ tí a sin tèmi, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ tán, òun ló dúró fọ abọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Tíṣà, àwa méjì ló kù. Kí ni ẹnì kan ń wá nínú ilé ńlá, tí ẹnì kejì rẹ̀ tún wà nínú ilé ńlá tirẹ̀?"

Ibẹ̀ ni àdéhùn wa ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́, àtẹ̀gùn ló sì kún ilé rẹ̀ ní Riverdale Park. Yàrá ìsùn wà lókè pátápátá, ibi ìfọṣọ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ilé tèmi ní Hillcrest Heights ní yàrá kan nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ mi ti máa ń kàwé. A fẹnu kò pé ọ̀rẹ́ mi yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀, yóò wá máa gbé pẹ̀lú mi, a ó sì jọ lo ọjọ́ ogbó wa tán síbẹ̀.

Èmi kò bímọ. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ọmọ mi kiri nínú ìtàn yìí. Bí mo bá ṣubú nínú ilé mi, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Àdéhùn yẹn ni mo ní. Nítorí náà, mi ò fi ṣeré. Mo kó ìwé ọkọ mi kúrò nínú yàrá náà, àwọn ìwé tí mi ò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti kú. Mo pe ẹni tó wá kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ lọ ra bẹ́ẹ̀dì. Orí kọ́tìnnì nìkan la ti jà. Òun fẹ́ aláwọ̀ ewé, mo sì ní aláwọ̀ ewé máa ń sọ yàrá di ọsibítù.

"Ta ló máa sùn níbẹ̀?" ló bi mí, nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

"Ìwọ ni."

"Ta ló máa jí tí á máa wo kọ́tìnnì?"

"Ìwọ náà ni."

"Tíṣà, mo rò pé mo ti páàsì ìdánwò yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. A ra aláwọ̀ ewé.

Òun ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí di alẹ́, ọkọ̀ iléèwé a sì já a sí ẹnu ọ̀nà mi. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mo ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mọ́mì Hillcrest ló ń pè mí. Gbogbo Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ mi ló ti gbà á. Nígbà náà, yóò dojú kọ ìyá tó bí i, yóò ní, "Ìwọ, wá." Ìyá rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá rẹ kì í ṣe ìwọ. Ẹ̀yin ni. Ẹ wá, ma. Oúnjẹ yín rèé, ma."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ṣé Mọ́mì pọ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ẹnu tìrẹ, ìyá rẹ pọ̀."

Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó dàgbà, ó gba oyè, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ Japan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Erékùṣù Awaji, ìlú àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì bímọ kan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ti sọ nù lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n "ẹ" àti "yín" kò sọ nù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi wá sílé mi, ó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná. Ó ní ọmọ òun fi ohùn ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ohùn ọmọ tí mo bá a tọ́.

"Mọ́mì, ẹ kú ilé, ma. Ẹ máa bọ̀ o. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń lọ nígbà tó fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ìyókù, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni," ló wí.

Inú mi ti dùn ju kí n máa béèrè ìyókù lọ. Mo ní, "Ó ní kí àwa méjèèjì máa bọ̀. Ọmọ dáadáa. Ó ti pèsè yàrá sílẹ̀ fún wa."

Ọ̀rẹ́ mi wojú mi. Mo rántí ìwò náà, torí pé ìdùnnú ni mo pè é lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo mọ Yorùbá jù."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó dìde, ó lọ bu omi mu.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Kò purọ́. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gbin "yín" sẹ́nu ọmọ náà fún ìyá kan ṣoṣo, èmi náà ni mo gbọ́ "yín" tí mo kà á sí èèyàn méjì. Kò sí ẹni tí kò lè ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ẹni tó jókòó tì mí, tó mọ̀ pé mo ṣì í gbọ́, tó sì lọ bu omi mu, òun ni mò ń bá wí.

Ohun tó fà á kò ju pé ó nílò mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ọ̀nà rárá. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní National Harbor, ọ̀nà kan péré ló mọ̀ dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà náà, yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, yóò pè mí, èmi yóò sì máa sọ ibi tí yóò yà sí fún un títí yóò fi rí odò. Ọmọ rẹ̀ kò lè fi iṣẹ́ àti ìkókó sílẹ̀ wá mú un láti Maryland. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú un dé erékùṣù náà. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwọn erékùṣù Japan sójú bọ́ọ̀dù kí n tó mọ ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí. Mo máa ń ya àwọn ńláńlá mẹ́rin, lẹ́yìn náà Awaji, kékeré, láàárín méjì nínú wọn, bí èèpo ẹ̀pà tó léfòó lórí omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò bìkítà nípa rẹ̀. Èmi ló wù láti rí i. Nítorí náà, mo ṣètò ìrìn àjò yìí bí ẹni tó ń ṣètò ìgbéyàwó. Ọkọ̀ òfuurufú kan náà yóò gbé wa dé Tokyo, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní òun yóò fúnra òun ra tíkẹ́ẹ̀tì òun. Ọkọ̀ ojú irin ayára yóò gbé wa dé Kobe, a ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń tọ etí òkun lọ sí Maiko, ibẹ̀ la ó sì ti wọ bọ́ọ̀sì akérò tó ń gba orí afárá ńlá kọjá sí Awaji. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì wà tó ń ti Kobe lọ tààrà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ dúró ní etí omi náà kí n tó gba orí rẹ̀ kọjá.

"Ibi tó o bá ní ká gbà náà la máa gbà," ni ọ̀rẹ́ mi wí, ó sì ń bá a lọ láti máa ká aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo rò pé a ń lọ lò. Mo mú báàgì kan tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé. Òun gbé àpótí ńlá méjì. Nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára yẹn, ẹni tí àpótí rẹ̀ bá tóbi gbọ́dọ̀ ti gba ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá sílẹ̀, kí ó lè rí àyè gbé e sí lẹ́yìn àga rẹ̀. Mo gba àwọn ìjókòó náà láti Maryland. Àwa méjèèjì ló ti àpótí náà wọlé, a ń mí hẹlẹ.

"Kí ló wà nínú nǹkan yìí?" mo bi í.

"Aṣọ òtútù àti ẹ̀bùn ọmọ."

"Aṣọ kọ́. Ọkùnrin lo gbé pamọ́ síbẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, ṣé màá jẹ́ kí o bá mi dì í mú?"

Mo lè fi ìbínú mi bo ọjọ́ náà mọ́lẹ̀ báyìí, kí n sọ pé mo ti ń fura. Mi ò fura. Inú mi dùn. Òkè ńlá wọn jáde ní apá ọ̀tún wa, yìnyín lórí rẹ̀, ilé iṣẹ́ àti wáyà iná níwájú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní, "Ó dà bíi ti inú ìwé rẹ, àmọ́ wọn ò ya wáyà síbẹ̀." Ó ti ra oúnjẹ inú páálí ní ibùdó ọkọ̀, ìrẹsì pẹ̀lú ẹja, ó sì fi ọ̀kan nínú igi ìjẹun méjì tí wọ́n fún un gún ẹja náà bíi sùyà. Ọkùnrin kan tó jókòó lódìkejì yí ojú rẹ̀ kúrò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ìgbà náà ni mo ní, "Tí a bá padà, àga kan ló kù tí a máa rà sí yàrá rẹ. Èyí tí kò jìn, kí orúnkún rẹ lè rọrùn láti dìde."

Ó ń nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká dé ibi tí à ń lọ ná."

Ní Kobe, lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń wá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kò sì rántí inú àpótí tó kó o sí. Mo bá a ṣí ọ̀kan. Mo gbé aṣọ kúrò, mo kan gíláàsì. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ni, pẹ̀lú férémù rẹ̀, èyí tó ti wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ilé náà. Bíbélì Yorùbá ńlá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò irin tó fi máa ń se ẹ̀wà wà níbẹ̀, ó fi ìró méjì wé e.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ta ló ń gbé ìkòkò lọ kí ọmọ?"

"Ìkòkò wọn fúyẹ́ jù. Ó máa ń jóná."

"Fọ́tò ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi mọ bàbá bàbá rẹ̀."

Ìdáhùn méjèèjì dára. Mo rí oògùn náà nínú bàtà rẹ̀ kan, mo fún un, mo sì ti àpótí pa. Mo tilẹ̀ fi aṣọ mìíràn wé fọ́tò náà kí ó má baà fọ́.

Ọkọ̀ ojú irin kékeré náà kún fún àwọn ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn díẹ̀, òkun dé ẹ̀gbẹ́ wa, ó sún mọ́ wa débi pé ènìyàn lè ka ọkọ̀ àwọn apẹja. Ní Maiko, a sọ̀ kalẹ̀, a rìn dé etí omi, mo sì rí afárá náà, ó fò kọjá lórí wa lọ sí ilẹ̀ kan tó dúdú lódìkejì. Mo fọwọ́ tọ́ ọ. Mo ní, "Awaji nìyẹn." Ọ̀rẹ́ mi kò wo omi, ojú mi ló ń wò. Ó ní, "O ti dé ibẹ̀, Tíṣà." Kò sọ pé, "A ti dé ibẹ̀." Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ibùdó bọ́ọ̀sì náà kò sí nílẹ̀. Ó wà lókè, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ wọ orí afárá, àtẹ̀gùn tó ń gbé ara rẹ̀ ló sì ń gbé ènìyàn lọ bá a, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi di apá mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lókè, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gèlè rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn ìlà tí wọ́n kùn sílẹ̀, kò sí ẹni tó ti ẹnìkejì rẹ̀. Awakọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó kó àpótí méjèèjì sí ikùn bọ́ọ̀sì, ó wo báàgì mi, ó wá wò mí bí ẹni pé ó ń béèrè ìyókù ẹrù mi. Mo mi orí. A já tíkẹ́ẹ̀tì kékeré lẹ́nu ọ̀nà, a jókòó, a de bẹ́líìtì.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì bọ́ sórí afárá, ọkọ̀ omi ńláńlá di bí ìṣáná nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú.

"Má bẹ̀rù," mo ní. "Afárá yìí lágbára."

"Kì í ṣe afárá."

"Kí ni, nígbà náà?"

Ó la ẹnu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Bẹ́líìtì yìí ló fún mi."

Mo bá a tú u díẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dúró dè wá ní ibùdókọ̀ tí a ti sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó gbé ọmọ pọ̀n sáyà. Bó ṣe rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré. Àwọn tó wà níbẹ̀ wò ó, inú mi sì wú. Ó dìde, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó wá dì mọ́ mi.

"Mọ́mì Hillcrest, ẹ ṣeun gan-an, ma. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi sìn wọ́n wá."

Mo yíjú wẹ̀yìn. Mo fẹ́ mọ àwọn wo ni mo sìn wá. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi àyàfi ọ̀rẹ́ mi, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wo táyà àpótí rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ṣe é.

Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Mo fi èyí dá a láre. Nínú mọ́tò, ó ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sọ bí òun ṣe ń retí ọjọ́ yìí, bí ìyàwó òun ṣe gbà, bí ìwé ìgbélùú ṣe pẹ́ kí ó tó jáde. Ìwé ìgbélùú. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń wo oko alùbọ́sà tó wà létí ọ̀nà. Nígbà tí a dé ilé, ọmọ náà mú wa lọ wo yàrá. Ó mọ́, òórùn igi tuntun ń jáde níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, ìṣó kan sì wà lára ògiri tí ohunkóhun kò tíì kọ́ sí. Kọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé.

"Wọ́n ní aláwọ̀ ewé ni kí n rà," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin náà, ma, a ti gba yàrá fún yín ní ilé àlejò kan, kò jìnnà. Mọ́mì ní ẹ ò ní lè pẹ́, pé iṣẹ́ ń dúró dè yín nílé."

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi jáde. Ẹ̀yìn ilé ni a dúró sí, níbi tí wọ́n ti so alùbọ́sà kọ́ lábẹ́ òrùlé kan kí ó lè gbẹ. Mo ní, "Iṣẹ́ wo ló ń dúró dè mí nílé?"

Ó fọwọ́ yí alùbọ́sà kan.

"Ọ̀rẹ́, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Tí mo bá sọ fún ọ ní Maryland, ṣé wàá sìn mí wá?"

"Rárá."

"O rí i."

"O jẹ́ kí n kó ìwé ọkọ mi jáde."

"Òtítọ́ ni mò ń sọ nígbà yẹn. Ọmọ yìí ò tíì pè mí nígbà yẹn."

"Nígbà tó wá pè ọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ lo ní àwa méjèèjì. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O gbọ́ nígbà tí mo sọ ọ́."

"Ta ni kì í gbọ́ ọ, Tíṣà? Láti họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ darúgbó níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa máàkì mi."

"Èmi ló ń máàkì rẹ?"

"Kọ́tìnnì lásán, mo ṣe ìdánwò fún un."

Ó ti sọkún díẹ̀ nígbà náà. Èmi ò sọkún. Mo ní, "O lè sọ fún mi. Màá bínú, ìbínú mi á sì tán."

"Ìbínú rẹ kì í tán. Ìwọ náà mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé ó sọ òótọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ máa rò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá mi gbé ní ẹnu láti sọ ọ́ ní Hillcrest Heights, níbi tí mo ti lè ti ilẹ̀kùn mi, kí n sì wá ẹlòmíràn tó máa gbọ́ bí mo bá ṣubú. Kò sọ ọ́ níbẹ̀. Ó jẹ́ kí n gbé àpótí rẹ̀, kí n wá oògùn rẹ̀, kí n tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì ti ní kí wọ́n ra kọ́tìnnì sí ibòmíràn.

Mo sùn ní ilé àlejò náà ní alẹ́ ọjọ́ kan péré. Obìnrin tó ni ilé náà tó ọjọ́ orí mi. Kò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó bu ọbẹ̀ gbígbóná fún mi lẹ́ẹ̀mejì láìbéèrè nǹkan kan. Lówùúrọ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ mi wá gbé mi lọ sí ibùdókọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a wá. Ó ní orúnkún wọn ń dùn wọ́n. Ó kó alùbọ́sà sínú àpò kan fún mi. Mo sọ fún un pé wọn kò ní jẹ́ kí n gbé e wọ Amẹ́ríkà, ó sì dì í mú lọ́wọ́ bí ọmọdé tí wọ́n kọ ẹ̀bùn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ma," ló wí. "Mo rò pé ẹ mọ̀."

Mo ní, "Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. O ní yàrá yín ti wà nílẹ̀. Yàrá ta ni?"

"Yàrá Mọ́mì."

"Mọ́mì nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Kí ló dé tí o fi wá sọ pé yín?"

Ó wò mí. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ọmọ tó máa ń jókòó sí tábìlì ilé ìdáná mi, tó ń wá ibi tó ti ṣì í.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀," ló wí.

Bọ́ọ̀sì dé. Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí òkun. Ó ń juwọ́ títí a fi yà. Nígbà tí a gun orí afárá, àwọn èèyàn gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Èmi wo ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó níwájú mi títí a fi dé Maiko. Ní Tokyo, mo bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n bá mi yí ọjọ́ ìpadà mi. Òṣìṣẹ́bìnrin náà béèrè bóyá ẹnì kejì tí a kọ orúkọ wa pọ̀ yóò padà lọ́jọ́ kan náà. Mo ní kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀ pé ẹnì kejì kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà.

Ó ti ju ọdún kan lọ báyìí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà nínú ilé Riverdale Park. Mi ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́, kódà nígbà tí mo bá ní nǹkan láti rà ní òpópónà yẹn. Nígbà òtútù tó kọjá, orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀, mo sì kó bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìrúwé. Ó kọ́kọ́ béèrè ara mi. Mo ní a dúpẹ́. Ó ní tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, òun ò gbọ́ ọ. Ó ní ìyàwó ọmọ òun dára, pé ó tilẹ̀ dára jù, ńṣe ló ń rìn jẹ́jẹ́ kiri ilé bí ẹni pé òun ń sùn nígbà gbogbo. Ó ní òun bá ọmọ-ọmọ òun sọ Yorùbá, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín, ó sá lọ bá ìyá rẹ̀.

Mo ń gbọ́.

"Tíṣà, ṣé yàrá yẹn ṣì wà?"

"Ó wà. Èmi ni mò ń sùn níbẹ̀."

"Ó gba bẹ́ẹ̀dì méjì."

"Ó gbà á."

Ó dúró kí n sọ ìyókù. Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì kejì ì bá wà, lẹ́bàá fèrèsé. Mo ti to ìwé ọkọ mi padà síbẹ̀, láti ilẹ̀ dé àyà mi.

Mo ní, "Àmọ́ kò sí àyè."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ ọmọ lẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀ ní èdè tí èmi àti òun kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dàárọ̀, Tíṣà." Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ mi. Mo pa fóònù.